Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ìlera Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Kó Oníkátítà àti Oníṣẹ́-abẹ Sínú Yàrá Kan

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó fi í sínú fáìlì. Yàrá kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, níbi tí oníṣẹ́-abẹ àti oníkátítà, dókítà tó ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan lọ tún ọkàn ṣe, ti lè jọ tọ́jú ọkàn ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo bá ìyá ọmọ kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì níbi tí mo ti lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ọmọ oṣù márùn-ún ló gbé dání, ọmọ náà sì kéré bí ọmọ oṣù méjì. Mo wò ó bó ṣe ń mí, tí awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọ inú lọ, tí òógùn ń bo iwájú orí rẹ̀ bó ṣe ń mu ọmú. N kò tíì béèrè tí mo ti mọ̀. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n ti ya àwòrán ọkàn ọmọ náà, ihò ló wà nínú rẹ̀. Dókítà kan ní ọmọ náà kéré jù fún kátítà. Òmíràn ní ibi tí ihò náà fara pamọ́ sí, ọ̀bẹ òun kò lè débẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ mi tutù. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, láìyọ ẹyọ kan, ni wọ́n sọ fún ìdílé mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lórí ọmọ ọmọ mi obìnrin. Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. N kò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn kankan, nítorí kò sí dókítà kan tó purọ́ fún wa. Òótọ́ tí wọ́n sọ gan-an ló bà mí nínú jẹ́.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin, kílò 4.2 péré ló wọ̀n. Ihò mẹ́ta ló wà lára ògiri tó pín iyàrá ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ sí méjì, nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ẹran ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ara ń gba ojú ihò wọ̀nyí padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ń kún, ọkàn ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, ọmọ kò sì lè mu ọmú ìṣẹ́jú márùn-ún kó má sinmi.

A lọ síbi tí wọ́n ti ń lo kátítà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kátítà, wọ́n máa ń tì í gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan títí dé inú ọkàn, kí wọ́n lè ti ojú rẹ̀ gbé èdídí kékeré tí wọ́n fi wáyà hun wọlé láti fi dí ihò. Dókítà tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú sùúrù pé iṣan itan ọmọ kílò mẹ́rin kò lè gba rọ́bà tó nípọn tó láti gbé èdídí náà kọjá, pé kí a jẹ́ kó dàgbà ná. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè jẹun, báwo ló ṣe máa dàgbà?

A gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ kejì, lọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ. Òun náà sọ ti ẹ̀: bí òun bá dá ọkàn dúró tí òun là á, ẹran inú rẹ̀ wú, ó sì so kọ́ra bí àwọ̀n, ihò náà á sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun lè fi ọ̀já fún iṣan ẹ̀dọ̀fóró lọ́rùn kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ dín kù, kí a fi ra àkókò, ṣùgbọ́n ihò á ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́-abẹ kejì á sì kù lẹ́yìn. Àti pé, kò sí bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù àwọn tó ń ṣàìsàn líle lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀ lójú títì. Àwòrán ọkàn tí wọ́n yà níbi àkọ́kọ́ kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà ibi kejì, wọ́n ní ká tún un yà, a sì tún un san. Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn dókítà méjèèjì kò lè pe ara wọn lórí fóònù ni. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wò mí bíi pé mo ní kí ọba méjì jókòó sórí àga kan.

Níkẹyìn, a ta ilẹ̀, a kó àjọ, ìjọ wa dá owó, a sì gbé ọmọ lọ sí Íńdíà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é. Oníṣẹ́-abẹ la àárín àyà rẹ̀ díẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ògiri iwájú ọkàn nígbà tí ọkàn náà ṣì ń lù. Oníkátítà tó dúró tì í ti wáyà gba ojú abẹ́rẹ́ náà, ó gba ibẹ̀ ti rọ́bà rẹ̀ kúkúrú bọlé, kò sí ọ̀rọ̀ iṣan itan mọ́. Ẹni kẹta ń wo àwòrán echo, àwòrán ọkàn tí ẹ̀rọ ń fi ìró yà, ó ń sọ fún wọn: ẹ lọ sósì díẹ̀, ó tó, ẹ ṣí i. Èdídí náà là sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri bíi bọ́tìnnì olójú méjì. Wọ́n dí ihò méjì. Ẹ̀kẹta kéré, wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì ti dí fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà nínú yàrá náà, wọn kò tan án. Gbogbo rẹ̀ kò pé wákàtí mẹ́ta. Ọmọ náà ń fọ́ àwo mi nílé báyìí.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ oníkátítà wọ akèrègbè, kò tó pẹpẹ. Ti oníṣẹ́-abẹ tó pẹpẹ, kò wọ akèrègbè. Àwa ní àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà. Ohun tí a kò ní ni yàrá tí wọ́n ti lè jọ dúró ti ọmọ kan.

2. Ẹ má jẹ́ kí olùdámọ̀ràn kan sọ fún yín pé ohun àjèjì tí kò tíì dánilójú ni mò ń sọ. Kí ọ̀bẹ àti kátítà jọ ṣiṣẹ́ lórí ọmọ kan, hybrid ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ó sì ti pẹ́. Ní 1966, ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, William Rashkind ti rọ́bà tó ní bàlúùnù lẹ́nu wọ ọkàn àwọn ìkókó tí iṣan ńlá méjèèjì ọkàn wọn ti gba ipò ara wọn. Ó fa bàlúùnù náà gba ògiri iyàrá òkè kọjá, ògiri náà ya, ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní sì ráyè dà pọ̀. Bàlúùnù yẹn kò wo ọmọ sàn, àkókò ló rà fún un. Ní 1975, ní São Paulo ní Bràsíl, Adib Jatene wá fi ọ̀bẹ dá iṣan méjèèjì padà sí ipò wọn. Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn: rọ́bà ṣáájú, ọ̀bẹ parí ẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọ̀nà àbùjá. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní inú, kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí, Ọlọ́run sì la ọ̀nà àbùjá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yẹ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti bí i, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀nà náà á dí. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí apá òsì ọkàn wọn kò dàgbà, ọ̀nà àbùjá yẹn nìkan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ara wọn. Ọjọ́ tó bá dí, ọmọ lọ nìyẹn. Oògùn kan wà, prostaglandin, tí wọ́n ń fi omi gbà sí iṣan tí kì í jẹ́ kó dí, ṣùgbọ́n a kò lè so ọmọ mọ́ omi títí ayé. Ní 1993, àwọn dókítà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ọ̀nà mìíràn: oníṣẹ́-abẹ fi ọ̀já fún iṣan méjì tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀jẹ̀ má kún un, oníkátítà sì ti irin oníhò bí àwọ̀n, stent, bọ inú ọ̀nà àbùjá kó lè wà ní ṣíṣí. Àbájáde ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn. Àwọn ará Giessen ní Jámánì àti Columbus ní Ohio ní Amẹ́ríkà kò jáwọ́, wọ́n tún un ṣe títí ó fi di ohun tí ayé ń kọ́. Lónìí ọmọ á lè sinmi, á jẹun, á dàgbà fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, kó tó kan iṣẹ́-abẹ ńlá. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi í pamọ́ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò le tó fún iṣẹ́-abẹ ńlá lọ́jọ́ kìíní.

N kò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ o. Ẹni tó ń kọ́ ìrìn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà àbùjá tó kọ̀ tí kò dí, lórí ilẹ̀kùn ọkàn tó fún tí bàlúùnù lè ṣí, lórí ihò irú ti ọmọ ọmọ mi.

3. Iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè, bíi 8 tàbí 9 ló ń bá àléébù ọkàn wáyé. À ń bí ju mílíọ̀nù méje ọmọ lọ lọ́dún ní Nàìjíríà. Ìṣirò yẹn ju 50,000 lọ lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni ọ̀bẹ tàbí rọ́bà gbọ́dọ̀ kàn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Mo gbẹ̀bí fún ọdún 31. Mo rántí àwọn ọmọ tí ètè wọn dúdú bí ẹni jẹ awin ní ọjọ́ kẹta, tí a ní òtútù ló mú wọn, tí a fi aṣọ wé wọn sí i. Lójú tèmi, àwọn kan lára ọmọ tí àwọn ìyá wa sọ ní Kòkúmọ́ àti Málọmọ́, tí wọ́n fi abẹ sàmì sí lára kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá padà wá, ọkàn ló pa wọ́n, bí àìsàn fòníkúfọ̀ládìde ṣe pa àwọn mìíràn.

4. Ẹ̀rọ inú dúrọ́ọ̀. Yàrá tí mo ń béèrè kò wúlò bí a kò bá rí ọmọ náà lásìkò. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n látìgbà Kòrónà. Bí ọmọ bá ti pé wákàtí 24, ẹ fi kàn án ní ọwọ́ ọ̀tún àti ní ẹsẹ̀ kan. Bí ọ̀kan bá wà lábẹ́ 90, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá dé 95, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn ju 3 lọ, ẹ tún un kà lẹ́yìn wákàtí kan. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì dun ọmọ. Amẹ́ríkà ti fi í sí ara àyẹ̀wò tó yẹ kí gbogbo ọmọ tuntun gbà láti 2011.

Níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì, a ní ọ̀kan. Inú dúrọ́ọ̀ Mẹ́tíróònù ló ń gbé, wọ́n tì í pa torí pé wọ́n ti jí ti àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń bá Mẹ́tíróònù lọ sílé ní aago mẹ́rin. Ọmọ tó bá dúdú lóru á dúró di àárọ̀, bó bá lè dúró.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ sọ àyẹ̀wò yìí di dandan ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí ẹ sì ra irú èyí tó ń wé mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun, nítorí èyí tó ń há ìka àgbàlagbà kò ṣeé lò fún wọn. Ẹ má yọ àwọn ìyá àbíyè inú ìjọ sílẹ̀. Àwọn aláboyún ń lọ síbẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀ ọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ẹ̀rọ yìí kì í rí ihò irú ti ọmọ ọmọ mi, nítorí ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúdú. Ẹni tó máa rí ìyẹn ni nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bá mọ̀ pé ọmọ tó ń làágùn bó ṣe ń mu ọmú, tí kílò rẹ̀ kò sì gòkè, kì í ṣe ọmú ìyá rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

5. Ẹ má ra mẹ́fà. Ẹ̀rù yìí ló ń bà mí jù, torí mo mọ ìṣe wa. Ẹ ní ilé-ìwòsàn ńlá tìpínlẹ̀: Ìkẹjà, Ṣàgámù, Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo, Oǹdó, Adó-Èkìtì. Bí gómìnà kan bá ra ẹ̀rọ kátítà, tí ó gé ríbọ́ǹnù, gómìnà kejì á fẹ́ gé tiẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí ọmọ méjì lóṣù, kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá. Iṣẹ́ ọkàn ìkókó, àṣetúnṣe ló ń kọ́ ọwọ́. Àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ni ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ ó ní ohun àjùmọ̀ní ṣòro. Mo mọ̀. A rí bí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣe jọ ní yunifásítì LAUTECH, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jókòó sílé nítorí owó tí ẹnì kejì kò san, títí Ọ̀yọ́ fi gbà á lódidi ní 2020. Nítorí náà, ẹ má jọ ní in. Kí ìpínlẹ̀ kan ni ín, kí òun nìkan máa san owó òṣìṣẹ́, kí márùn-ún tó kù fọwọ́ sí ìwé pé iye báyìí làwọn á máa san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá fi ránṣẹ́. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu géètì kí wọ́n máa bi í pé ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí jókòó pọ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, wọ́n gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀. Ṣé ọkàn ọmọ tuntun kò tó ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni?

Yàrá náà gbọ́dọ̀ fẹ̀: ẹ̀rọ X-ray tó rọ̀ láti òkè, tábìlì tí wọ́n lè ti là àyà lórí rẹ̀, ààyè fún ẹ̀rọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Èdídí lè yọ̀, kó sá lọ sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Oníṣẹ́-abẹ tó wà nítòsí á mú un jáde. Ẹni tó wà ní ìlú kejì, bí ẹ ṣe ń pè é ní ọmọ ń lọ. Iná kò gbọ́dọ̀ kú níbẹ̀, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná.

Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọkàn nílẹ̀ yìí, ní 1974, Magdi Yacoub, ìlú-mọ̀ọ́ká oníṣẹ́-abẹ ọkàn, wà níbẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ Kwabena Frimpong-Boateng dá ibùdó ọkàn Korle Bu sílẹ̀ ní Accra ní Gánà ní 1989. Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ṣí ibùdó ọkàn àwọn ọmọdé sí ilé-ìwòsàn Fann ní 2017, àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń rí ìtọ́jú níbẹ̀. Àwa tí a ti tètè bẹ̀rẹ̀ ń wọ bàálù lọ sí Íńdíà.

6. Ẹ dẹ́kun fífi àwọn àlejò ọlọ́sẹ̀-kan tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn oníṣègùn láti òkè òkun ń wá, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ wa tó já pa, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, a ń ya fọ́tò, wọ́n ń lọ. Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ojú iṣan rẹ̀ tún fún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tó nílò bàlúùnù, ta ló máa rí? Bí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ pè wọ́n wá kọ́ ikọ̀ kan náà, nínú yàrá kan náà, léraléra: oníṣẹ́-abẹ, oníkátítà, ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn oorun, ẹni tó ń ya echo, àti àwọn nọ́ọ̀sì. Mo tún un sọ: àwọn nọ́ọ̀sì. Àwa la máa ń wà níbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Ẹ sanwó fún wọn kí wọ́n má bàa tẹ̀lé àlejò lọ.

7. Owó. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ìpínlẹ̀ yín kọ̀ọ̀kan ní àjọ adójútòfò tirẹ̀. Kí àwọn àjọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ya iye kan sọ́tọ̀ fún ọkàn ọmọdé, sínú àpò kan. Ẹ kéde iye náà, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta pé ọmọ mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde láàyè.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá orí bẹ́ǹṣì yẹn tún pè mí lánàá. Ó ní ọmọ náà kò mu ọmú dáadáa mọ́, ó sì bi mí pé ibo ni kí òun gbé e lọ ní ọjọ́ Ajé. Mo ní kó fún mi láyè kí n béèrè. Ẹ̀yin ni mò ń bi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn